Àwọn olódòdó tó bá wa ṣe etí odò: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò etí odò àdúgbò wa sórí WhatsApp làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ta ló bá yín ṣe é, èló ni wọ́n gbà, ṣé àwọn náà lè pè wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń to òdòdó àti ọmọ igi sínú ọ̀rá dúdú létí títì ní Ìlọrin níbí ni, ẹ ti kọjá lára irú wọn àìmọye ìgbà. Tó bá jẹ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń gba máàkì, mo fún wọn ní mẹ́rin. Ẹyọ kan tí mo yọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi yọ ọ́, màá sọ bó ṣe jẹ́.

Odò yìí ò tóbi. Ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọ́ gba àárín ilé kọjá kó tó lọ dà sínú Àsà ni. Ẹni tó bá gbé Ìlọrin mọ irú ẹ̀, lójò á kún dé ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn, lẹ́ẹ̀rùn á fà tán, ọ̀rá píọ́ wọ́tà á bo gbogbo ẹ̀, àwọn kan á sì tún gbé ìdọ̀tí ilé wọn wá dà síbẹ̀ lóru. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà létí ẹ̀ tó já sí títì, ibẹ̀ làwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé, ibẹ̀ làwọn ìyá ń gbà lọ sọ́jà, ibẹ̀ náà làwọn bàbá ń gbà lọ kírun Àsùbáà nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́. Kò síbòòji kankan. Tó bá ti di oṣù kejì sí ìkẹta tí oòrùn mú nílùú yìí, ẹni tó bá rin ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án, orí á máa fọ́ ọ kó tó délé.

Nígbà tí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ wá sí mítìn, ohun tí ọ̀pọ̀ fẹ́ ni pé ká fi kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀, omi á máa gba abẹ́ ẹ̀ lọ, àwa á ríbi páàkì mọ́tò sí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí ná. Tíṣà ni mí, ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní Unilorin sì bá mi wá ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ti kọ nípa ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni ti ìlú Seoul ní South Korea. Àwọn yẹn ti ṣe ohun tá a fẹ́ ṣe yìí gan-an, wọ́n ti bo odò Cheonggyecheon láàárín ìlú, wọ́n tún gbé títì olópòó lé e lórí, nígbà tó yá wọ́n wó gbogbo ẹ̀, wọ́n tú odò náà jáde, wọ́n ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ àti koríko sí etí ẹ̀ fún bíi kìlómítà mẹ́fà, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2005. Nígbà tí wọ́n wọn ooru ibẹ̀, ó fi dígírì 3.3 sí 5.9 tutù ju títì tó wà nítòsí ẹ̀ lọ. Mo kà á fún wọn ní mítìn. Mo ní àwọn tó lówó jù wá lọ bo odò, wọ́n tún náwó tú u, ẹ jẹ́ ká má dá a láṣà. Alhaji tó ń darí ìpàdé ní ó dáa, ẹ lọ wá ẹni tó máa gbin nǹkan sí i wá.

Àwọn tá a kọ́kọ́ pè, igi masquerade ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ga, tó tín-ín-rín, tí ewé ẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀, tó wà níwájú gbogbo ilé tuntun. Ó lẹ́wà, àmọ́ kò níbòòji tẹ́ni tó gbẹ́rù sórí máa sá sí. Wọ́n tún fẹ́ da íńtálọ́ọ̀kì sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá tá a padà gbéṣẹ́ fún ò mú àwòrán kankan wá. Ó wá lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Tíṣà, aago mélòó làwọn ọmọ ilé ìwé máa ń padà gba ibí?" Mo ní aago méjì sí mẹ́ta. Ó ní, "Apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí la máa gbin igi ńlá sí nìyẹn, kí ibòòji lè wà lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀." Nínú gbogbo àwọn tó wá wobẹ̀, òun nìkan ló béèrè nípa ẹni tó ń rìn. Àwọn yòókù, ilẹ̀ ni wọ́n wò.

Igi tó yàn, dongoyaro ló pọ̀ jù, torí ó ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì korò, ewúrẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí i. Ó fi mángòrò àti fúrúùtù sáàárín wọn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi igi igbá àti igi òrí díẹ̀ kún un, torí igi ilẹ̀ wa nìyẹn, gbogbo wa là ń jẹ irú tá a sì ń fi òrí para, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sígboro ò mọ igi tí wọ́n ti ń wá. Bàbá ò kọ̀, ó kàn kìlọ̀ fún mi pé igi òrí ò yára, ó lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Ó ní, "Àwọn ọmọ ọmọ yín ló máa ṣà á o, Tíṣà." Mo ní kó gbìn ín bẹ́ẹ̀.

Etí omi gan-an ló wá fọgbọ́n ṣe jù. Kò gbin igi ńlá kankan síbẹ̀. Koríko vetiver ló tò ní ìlà ìlà, ó ní gbòǹgbò ẹ̀ kì í tàn kálẹ̀, ìsàlẹ̀ tààrà ló ń lọ, ó lè wọlẹ̀ tó mítà méjì sí mẹ́ta, òun ló máa di ilẹ̀ mú tí omi bá ń fà á. Ojú ọ̀nà ńkọ́? Kò da kọnkéré sí i, yangí ni wọ́n kó wá tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n mú àárín ẹ̀ ga díẹ̀ kómi lè máa ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, sídìí àwọn igi. Àwọn kan bínú pé yangí ò bójú mu. Àmọ́ òjò ńlá tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí koríko yẹn ti mú, omi kún lóòótọ́, ó sì tètè fà, etí odò ò ya, ilé tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn tómi máa ń wọ̀ ní gbogbo ọdún, omi ò wọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò ní sọ pé koríko nìkan ló ṣe é, torí a kó ìdọ̀tí tó dí ojú omi kúrò náà. Ìdọ̀tí yẹn pọ̀, ọmọ tí Bàbá kó wá ṣiṣẹ́ ń gbé e jáde nínú àpò nínú àpò.

Ìlú Belfast ní Northern Ireland ni mo fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tí ò gbà pé igi àti omi lè jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ lé etí odò, tó ní igi àti koríko lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní greenway, Connswater Community Greenway lorúkọ tiwọn, kìlómítà 9 ni, ó parí lọ́dún 2017. Iṣẹ́ kan náà yẹn ni wọ́n fi dáàbò bo ilé bíi 1,700 lọ́wọ́ omíyalé. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ tiwọn ni pé àwọn olùwádìí láti Queen's University ti lọ bá àwọn ará àdúgbò kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọ́n bi wọ́n nípa ìlera wọn àti bí wọ́n ṣe ń rìn sí, wọ́n sì tún padà lọ bi wọ́n nígbà tó parí tán. Bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe é nìyẹn, torí tó o bá kàn gbin nǹkan, o ò ní mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi yẹn náà ti jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé kékeré, ó ń kọ iye àwọn tó ń kọjá sílẹ̀, àgbàlagbà mélòó, ọmọdé mélòó, ta ló dúró sọ̀rọ̀, ta ló sáré kọjá torí òórùn. Lẹ́yìn tí igi ti ga díẹ̀ ó tún jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá pọ̀ sí i, àmọ́ ìyàtọ̀ tó hàn jù ni àwọn tó ń dúró. Tẹ́lẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dúró níbẹ̀.

Àwọn ìyá àdúgbò wa kan wà tí dókítà ti ń sọ fún tipẹ́ pé kí wọ́n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ibo ni wọ́n fẹ́ rìn sí? Létí títì tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ NAPEP ti ń dú ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́? Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní ó kéré tán kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe nǹkan tó ń mú èèyàn mí dáadáa, bíi kéèyàn rìn kánmọ́kánmọ́. Tẹ́ ẹ bá pín in, ó jẹ́ bí ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ní báyìí, tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán wọ́n á jọ rìn láti ìsàlẹ̀ odò dé títì, wọ́n á tún padà, ọ̀rọ̀ á máa lọ lẹ́nu wọn, ìṣẹ́jú yẹn sì ń pé. Kẹ́nikẹ́ni má torí ẹ̀ fi oògùn ẹ sílẹ̀ o, ohun tí dókítà kọ fún ọ ni kó o máa lò. Mo kàn ń sọ pé ìmọ̀ràn tí wọn ò ríbi ṣe tẹ́lẹ̀ ti wá ríbi ṣe.

Ti ọkàn náà wà níbẹ̀. Nílùú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ilẹ̀ òfìfo 541 tí ìdọ̀tí ti bò, wọ́n ṣẹ́ kèké pín in, wọ́n kó ìdọ̀tí àwọn kan, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀ sí i, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́yìn náà wọ́n bi àwọn tó ń gbé nítòsí léèrè bí ọkàn wọn ṣe rí. Lọ́dún 2018 ni wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde: lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gbin koríko sí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n ní àwọn ń ní dín kù ní ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti jí láràárọ̀ tó ṣí fèrèsé tó jẹ́ àkìtàn ló ń wò, ìyẹn ò ní yà á lẹ́nu.

Ẹyẹ ti dé. Ẹ̀gà ti kọ́ ilé sórí ọparun tó wà ní igun odò, lékeléke ń wá láàárọ̀, labalábá pọ̀ lórí àwọn òdòdó kéékèèké tí Bàbá fi ṣe etí ọ̀nà. Oyin náà ń wá, ìyẹn á sì wúlò fún mángòrò wa tó bá di àsìkò. Àwọn kan ń bẹ̀rù ẹ̀fọn àti ejò, kò sì yẹ ká fojú di wọ́n. Ẹ̀fọn, omi tó dúró sójú kan ló ń bí i, inú ike àti táyà àlòkù, omi tó ń ṣàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fún un láyè, torí ẹ̀ ni kíkó ìdọ̀tí ojú omi ṣe ṣe pàtàkì ju gígé igi lọ. Ti ejò, Bàbá ní kí wọ́n máa gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kúrú, kò sì gbin nǹkan tó máa dí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ohun tó kúrú ju orúnkún lọ ló fi ṣe etí ẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí iwájú. Ìyá tó bá ń dá rìn láàárọ̀ kùtùkùtù á mọ rírì èyí. Iná nìkan ló kù. Ẹnì kan ní àdúgbò ti fi iná sólà kan sí ògiri ẹ̀, ó ṣì yẹ ká fi kún un.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tí mo ní màá sọ. Nígbà tá a ń dúnàá dúrà, Bàbá ní àwọn á máa wá bomi rin títí igi á fi mú ilẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà yẹn, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Bí ọyẹ́ ṣe dé báyìí, wọ́n wá díẹ̀, nígbà tó yá wọn ò wá mọ́, a pe fóònù títí, wọn ò gbé e, tí wọ́n bá gbé e wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Fúrúùtù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, mángòrò méjì kan gbẹ kanlẹ̀, vetiver tó wà lápá òkè náà pọ́n. Dongoyaro ò mira, igi òrí náà ò kú. Nígbà tí Bàbá fúnra ẹ̀ wá, ó bẹ̀ wá gan-an, ó ní omi ló wọ́n, kànga ọgbà òun náà ti fà, owó tí mẹ́ruwà ń gbà lójúmọ́ ti ju èrè tóun jẹ lórí iṣẹ́ wa lọ. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń ta igi nílùú tí òjò ti máa ń dá fún oṣù bíi márùn-ún mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ó yẹ kó ti ṣírò owó omi mọ́ owó iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, kó sọ ọ́ síta ká lè mọ ohun tá à ń san. Wọ́n pààrọ̀ àwọn kan nínú èyí tó kú, wọn ò pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyọ máàkì kan yẹn lọ.

Ohun tó gbà wá ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Wọ́n pín igi láàárín ara wọn, ilé tí igi bá wà níwájú ẹ̀ ni á máa fi omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀fọ́ tàbí tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì bomi rin ín, ẹgbẹ́ sì ń ra omi mẹ́ruwà fún àwọn tó jìnnà sílé. Wọ́n gún ike lábẹ́, wọ́n rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, omi á máa kán síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlú Medellín ní Colombia náà ò fi ti ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó gbin igi nìkan, wọ́n ṣe ọ̀nà onígi 30 káàkiri ìlú, wọ́n kọ́ àwọn ará àdúgbò tí nǹkan ò rọ̀ fún níṣẹ́ ọgbà kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀, ìjọba sì ń sanwó fún wọn, ooru ìlú sì fi bíi dígírì méjì lọ sílẹ̀ láwọn ibi tí wọ́n gbin igi sí. Tí wọ́n bá lè ṣe irú ẹ̀ ní Ìlọrin, tí ẹnì kan bá ń gbowó oṣù torí pé ó ń tọ́jú etí Àsà, inú mi á dùn dé ibi tó máa dùn dé. Ẹ rìn ní GRA lọ́sàn-án lábẹ́ àwọn igi àtijọ́ yẹn, kẹ́ ẹ wá rìn ní Òkélele, ara yín á sọ ìyàtọ̀ ẹ̀ fún yín.

Ti ewúrẹ́ àti màlúù, mo yìn wọ́n gidi. Ọparun ni wọ́n fi ṣọgbà yí ọmọ igi kọ̀ọ̀kan ká, owó ẹ̀ ti wà nínú ohun tá a san. Àwọn màlúù tó máa ń gba etí odò kọjá ńkọ́? Alhaji ló lọ bá àwọn àgbà inú gáà sọ̀rọ̀, wọ́n gbà láti máa dà wọ́n gba òkè. Wọn ò bá wa jà, a ò bá wọn jà, àwọn ìyá oníwàrà sì ti ń sinmi lábẹ́ igi wa kí wọ́n tó wọ ọjà.

Owó ńkọ́? Ọmọ igi kọ́ ló gba owó jù. Owó iṣẹ́ ni, kíkó ìdọ̀tí, títún ilẹ̀ ṣe, gbígbé yangí wá. Bó o bá lọ́dọ̀ọ́ tó lè kó ìdọ̀tí fúnra wọn, ó máa dín kù gan-an. Ilé kọ̀ọ̀kan dá tiẹ̀, onílé dá ju ayálégbé lọ, èmi ni mo ní kí wọ́n pín in bẹ́ẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀, torí onílé ni iye ilé ẹ̀ máa gòkè. Ìyẹn náà ń kó mi lọ́kàn sókè. Ní Atlanta, wọ́n sọ ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ di ọ̀nà onígi tó yí ìlú ká, BeltLine, ìwé tí Ryan Gravel kọ nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún 1999 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà dára, àmọ́ owó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gòkè débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń gbébẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ò lè san án mọ́. Onílé kan níbí ti ń sọ pé òun máa fowó kún owó ilé torí igi. Mo ti bá a sọ ọ́ ní mítìn, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó dáwó igi ò gbọ́dọ̀ tún sanwó lé e fún igi kan náà, ọ̀pọ̀ onílé sì fọwọ́ sí i.

Ẹnì kan bi mí pé ibo la fẹ́ kó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi ìgboro, gbé ìlànà kan kalẹ̀ lọ́dún 2021 tí mo fẹ́ràn: kéèyàn rí igi mẹ́ta ó kéré tán láti ilé ẹ̀, kí ibòòji igi bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò, kí ọgbà ìgbafẹ́ má jìnnà ju 300 mítà lọ. Àwa ò tíì dé ìdajì ẹ̀. Ti igi mẹ́ta la ti rí.

A ti pe Bàbá padà fún apá tó kù, láti ìsàlẹ̀ odò dé ibi bíríìjì. Lọ́tẹ̀ yìí a kọ ọ́ sínú ìwé: owó omi oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta lọ́tọ̀, ìgbà tí wọ́n máa wá lọ́sẹ̀, igi tó bá kú kí òjò tó tún dé wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a ò sì ní san ìdá kan nínú owó wọn títí di ìgbà yẹn. Ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún wọn tàbí fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìn ín nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ilẹ̀, ní oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, ẹ béèrè igi ilẹ̀ wa, ẹ má sì san gbogbo owó tán kí ọyẹ́ tó kọjá.